Àwọn Tó Ń Ka Ìtẹ̀sẹ̀

Nígbà tí eégún Ẹ̀pà bá jáde ní àríwá ilẹ̀ Èkìtì, ní agbègbè tí Obbo-Aiyégúnlẹ̀, Ọ̀sì àti Odò-Ọwá wà, ère orí rẹ̀ nìkan kọ́ ni àwọn èèyàn ń wò. Ère náà fani mọ́ra lóòótọ́. Irú èyí tí Moshood Bámigbóyè, agbẹ́gilére Odò-Ọwá, máa ń gbẹ́ nígbà ayé rẹ̀ kún fún jagunjagun orí ẹṣin àtàwọn èèyàn tó yí i ká. Ṣùgbọ́n igi gidi ni, ó wúwo. Tó bá wá kan kí ẹni tó rù ú fò gun òkìtì iyẹ̀pẹ̀, ẹsẹ̀ ni àwọn àgbà ń ṣọ́. Bí ẹsẹ̀ bá balẹ̀ dáadáa, ariwo ayọ̀ á sọ. Bó bá ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, àyà ìlú á já, torí àmì tí kò dáa ni.

Ẹsẹ̀ máa ń sọ ohun tí ẹnu kò tíì sọ. Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn àrùn Parkinson ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 1817, James Parkinson, oníṣègùn kan ní Hoxton ní Lọ́ńdọ̀nù, tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde lórí àìsàn tó ń mú ara gbọ̀n. Èèyàn mẹ́fà péré ló kọ nípa wọn. Ìgboro ló ti rí mẹ́ta nínú wọn, ọ̀kan sì wà tó jẹ́ pé òkèèrè ló ti wò ó. Ó rí ọwọ́ tó ń gbọ̀n bí kò tilẹ̀ ṣe nǹkan kan, ó rí ara tó tẹ̀ síwájú, ó sì rí ìrìn tó ń di eré mọ́ onírìn lẹ́sẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń tì láti ẹ̀yìn. Kò ní ẹ̀rọ kankan. Ojú rẹ̀ ló fi rí gbogbo rẹ̀.

Charcot, dókítà ńlá ilé ìwòsàn Salpêtrière ní Paris, ló wá fi orúkọ Parkinson pe àrùn náà. Ní Paris yìí kan náà ni ojú nìkan kò ti tó mọ́. Láàárín 1872 sí 1873, àwọn onímọ̀ méjì, Carlet àti Marey, ṣe bàtà kan tí afẹ́fẹ́ wà nínú àtẹ́lẹ̀ rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ti tẹlẹ̀, afẹ́fẹ́ á gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sínú ẹ̀rọ tí onírìn fúnra rẹ̀ gbé lọ́wọ́, kálàmù inú rẹ̀ á sì fa ìlà sórí ìwé. Bàtà yẹn ni baba ńlá gbogbo ohun tí wọ́n ń so mọ́ ẹsẹ̀ aláìsàn lónìí.

Nígbà tó di 1886, Gilles de la Tourette, akẹ́kọ̀ọ́ Charcot, ṣe ti tirẹ̀ lọ́nà tó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tẹ́ ìwé gígùn sílẹ̀, ó fi lẹ́búlẹ́bú pupa tí wọ́n fi ìpẹtà irin ṣe pa àtẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀ àwọn aláìsàn, ó ní kí wọ́n máa rìn, lẹ́yìn náà ló wá ń wọn ìtẹ̀sẹ̀ wọn. Ẹni tó dàgbà sórí ilẹ̀ pupa yóò mọ ohun tó ń wá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí wọ́n bá ti gbálẹ̀ àgbàlá tán ní ìdájí, ẹsẹ̀ gbogbo ará ilé ni yóò hàn níbẹ̀. Ti ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀ yàtọ̀: àlàfo àárín rẹ̀ kúrú, gìgísẹ̀ á sì fa ìlà lẹ́yìn bíi ti igi tí wọ́n wọ́ kọjá.

Nílẹ̀ Yorùbá, ọmọ Òkèmẹ̀sí-Èkìtì kan tí wọ́n bí ní 1935, Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntòkun, wà lára àwọn tó sọ irú àkíyèsí yìí di iṣẹ́ ìwádìí ní Ìbàdàn. Ní 1968 ó kọ̀wé lórí àwọn tó ń rìn bí ọ̀mùtí láìfi ọtí kan ẹnu, ó sì tọ́ka sí májèlé inú ẹ̀gẹ́ tí wọn kò ṣe dáadáa kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Ní àwọn ọdún 1980, òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ilé dé ilé ní Igbó-Ọrà, láàárín èèyàn tó tó 19,000, wọ́n ń wá àrùn ọpọlọ àti iṣan ara. Nígbà tí wọ́n fi ibẹ̀ wé àwọn aláwọ̀ dúdú Copiah County ní Mississippi, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì ṣe ìṣirò ọjọ́ orí kó bára mu, 67 nínú 100,000 ló ní Parkinson ní Igbó-Ọrà; 341 ni ti Mississippi. Ìwé náà jáde ní 1988. Ìyàtọ̀ yẹn ṣì yẹ ní ríronú lé lórí, nítorí bàbá tó bá ń wọ́ ẹsẹ̀ láàárín wa, ogbó ni wọ́n máa ń sọ pé ó dé sí i.

Ogbó kọ́. Inú ọpọlọ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè èròjà dopamine ti ń kú díẹ̀díẹ̀, àṣẹ tó yẹ kó dé ẹsẹ̀ kì í sì í dé lásìkò mọ́. Aláìsàn á dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ẹsẹ̀ méjèèjì á lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan dì í mú. Ara òkè ń lọ, ti ìsàlẹ̀ dúró. Ibẹ̀ ni ìṣubú ti ń wá.

Nígbà tí ẹsẹ̀ bá lẹ̀ báyìí, kò sinmi. Orúnkún á máa gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 3 sí 8 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìrìn gidi kì í sì í yá tó bẹ́ẹ̀. Ojú lè má rí i, àmọ́ ẹ̀rọ wínníwínní tó ń mọ ìyípadà ìyára yóò rí i. Irú ẹ̀rọ yìí ni wọ́n ń fi sínú ọkọ̀ láti àwọn ọdún 1990, kí báàgì afẹ́fẹ́ lè wú nígbà tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. Ní 2010, àwọn onímọ̀ láti Zurich àti Tel Aviv gbé ìwádìí kan jáde: wọ́n so mẹ́ta mọ́ aláìsàn 10, ọ̀kan lọ́rùn ẹsẹ̀, ọ̀kan lókè orúnkún, ọ̀kan níbàdí. Wọ́n ka ìgbà 237 tí ẹsẹ̀ wọn lẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ti fura, á bẹ̀rẹ̀ sí í lù létí wọn, kọ́, kọ́, kọ́, kí ẹsẹ̀ lè tẹ̀ lé e. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí bí ìlù ṣe ń gbé ẹsẹ̀ Ẹ̀pà kò ní bi wọ́n léèrè ìdí.

Ẹni tó bá ti Obbo-Aiyégúnlẹ̀ lọ rí dókítà ní ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìlọrin yóò gba Òmù-Àrán kọjá, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò sì fi rìn níwájú rẹ̀. Níwájú dókítà, ọ̀pọ̀ aláìsàn máa ń rìn geere; nílé ni wọ́n ti ń há. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ tí èèyàn lè so mọ́ra fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, tí á bá a dé oko àti ọjà, fi ṣe pàtàkì. Àmọ́ ilẹ̀ tó tẹ́jú, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, ni wọ́n ti kọ́ àwọn ẹ̀rọ ọdún 2010 wọ̀nyẹn ní ìrìn. Wọn ò fi sílípáàsì gun ilẹ̀ olókìtì Èkìtì, wọn ò rìn láàárín ebè, wọn ò gbé igbá lérí fo ojú àgbàrá. Irú ẹ̀rọ yẹn ti wà nínú fóònù àpò àwọn ọ̀dọ́ Obbo báyìí, ó ń ka ìṣísẹ̀ wọn lójoojúmọ́. Ẹsẹ̀ àwọn bàbá àti ìyá wọn ló kù kó kọ́.