Ìràwọ̀ Ojú Ọ̀run àti Ìwà Àwọn Ọmọ Wa

Bísímílááhì Ráhímánì Ráhíìmù. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó dá sánmà tó sì fi ìràwọ̀ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kan gbogbo ilé tí ọmọ wà. Ní Ṣómólú àti Bàrígà níbí, bí ọmọ bá ya olóríkunkun, tàbí tí ìwé kò wọ̀ ọ́ lórí, àwọn òbí kan kì í béèrè lọ́wọ́ tíṣà, wọn kì í sì í bi ara wọn. Ọ̀dọ̀ ẹni tó máa wo ìràwọ̀ ni wọ́n ń gbà lọ. Wọ́n á ní, "Alfa, ẹ bá wa wò ó, irú ìràwọ̀ wo ni ọmọ yìí gbé wáyé?" Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ìràwọ̀ iná ni, ó parí. Bí ọmọ náà bá bínú, wọ́n á ní iná ló ń jó. Bí ó bá ja ọmọ ẹlòmíràn lólè, wọ́n á ní bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wádìí ibi tí nǹkan yìí ti wá, ká lè mọ̀ bóyá inú ẹ̀sìn wa ló ti jáde.

Kò ti inú ẹ̀sìn wa jáde. Àwọn ará Bábílónì, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ìráàkì lónìí, ni wọ́n pín ọ̀nà tí oòrùn ń tọ̀ lójú ọ̀run sí 12, ní nǹkan bí 1,000 ọdún kí wọ́n tó bí Ànábì wa. Àwọn Gíríìkì gbà á lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n wá ń túmọ̀ ìwé àwọn Gíríìkì sí èdè Lárúbáwá, ó bá ìwé wọlé: Hamal tí í ṣe àgbò, Asad tí í ṣe kìnnìún, títí dé Hut tí í ṣe ẹja.

Àwọn ọba pàápàá gbà á gbọ́. Ní ọdún 762, nígbà tí Kálífà Abu Ja'far al-Mansur fẹ́ tẹ ìlú Baghdad dó, ó ní kí àwọn awòràwọ̀ bá òun yan àkókò tó dára. Nawbakht àti Mashallah wà lára wọn. Wọ́n yàn án fún un. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1258, àwọn Mongol ya wọ Baghdad yìí kan náà, wọ́n pa kálífà, wọ́n sì pa èèyàn lọ bíi rẹrẹ. Àkókò tó dára tí wọ́n yàn ńkọ́?

Abu Ma'shar, ará Balkh, tó kú ní ọdún 886, ni òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú iṣẹ́ náà. Títí dòní, ìwé pélébé kan tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè ń lọ káàkiri, ó ń sọ ìwà ọkùnrin àti obìnrin lábẹ́ ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ńlá kò dákẹ́. Ibn Sina, oníṣègùn tó kú ní 1037, kọ̀wé takò ó. Ibn Khaldun náà, nínú ìwé rẹ̀ Muqaddima ní ọdún 1377, ya orí kan sọ́tọ̀ láti fi hàn pé kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àti pé ó ń ba ìlú jẹ́.

Ẹ wá jẹ́ ká tú ìṣirò tí wọ́n ń ṣe ní àdúgbò wa yìí wò. Lẹ́tà Lárúbáwá kọ̀ọ̀kan ní iye: alif jẹ́ 1, bá'u jẹ́ 2, títí dé 1,000. Wọ́n á ro iye orúkọ ọmọ pọ̀ mọ́ ti ìyá rẹ̀, wọ́n á máa yọ 12 12 kúrò. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni wọ́n ń pè ní ìràwọ̀ ọmọ. Ká ní ọmọ ń jẹ́ Sálíù, ìyá rẹ̀ ń jẹ́ Màríámọ̀. Màríámọ̀ jẹ́ 290. Lọ́dọ̀ àwọn Lárúbáwá ìlà-oòrùn, lẹ́tà sọ́ọ̀dì tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ Sálíù jẹ́ 90, Sálíù á wá jẹ́ 129. Àpapọ̀ di 419. Ẹ yọ 12 12 kúrò, ó ku 11: Dalw, ìràwọ̀ afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn ará Mòrókò àti ìwọ̀-oòrùn, sọ́ọ̀dì jẹ́ 60. Sálíù di 99, àpapọ̀ di 389. Ẹ yọ 12 12 kúrò, ó ku 5: Asad, ìràwọ̀ iná. Ọmọ kan náà, orúkọ kan náà, ìyá kan náà! Kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó gbójú sókè wo sánmà.

Ti ìwé ìròyìn kò sàn jù bẹ́ẹ̀. Ní oṣù August ọdún 1930, ìwé ìròyìn Sunday Express ní Lọ́ńdọ̀nù gbé ohun tí R. H. Naylor kọ jáde, lórí ohun tí ìràwọ̀ sọ nípa Margaret, ọmọ-ọmọ ọba tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ó dùn mọ́ àwọn òǹkàwé, ìwé ìròyìn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, ó sì di ohun tí wọ́n ń fi ọjọ́ ìbí pín sí 12. Òǹkà ọjọ́ náà ti pẹ́ jù, ojú ọ̀run sì ti sún kúrò níbi tó wà nígbà náà. Ọmọ tí wọ́n bí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù April, tí wọ́n ń pè ní Àgbò, àárín àwọn ìràwọ̀ Ẹja ni oòrùn wà lọ́jọ́ tí wọ́n bí i.

Ẹnìkan á ní, "Alfa, ṣebí Súrà Burúùjì wà nínú Al-Kùránì?" Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà. Ọlọ́hun dárúkọ wọn kí á lè mọ títóbi Ẹni tó dá wọn ni. Ó tún sọ fún wa pé ìràwọ̀ ń fi ọ̀nà han arìnrìn-àjò. Ìmọ̀ tí a fi ń mọ Kíbíláà àti àkókò ìrun dára, òṣùpá náà la sì fi mọ ìgbà ààwẹ̀ yìí. Kò síbi tó ti sọ pé ìwà Sálíù wà nínú ìràwọ̀.

Ẹ gbọ́ èyí tó tóbi jù. Ibrahim, ọmọ Ànábì wa, kú ní ọdún kẹwàá Híjírà, ìyẹn ọdún 632. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Lọ́jọ́ náà gan-an, oòrùn ṣókùnkùn. Àwọn èèyàn ní nítorí ikú Ibrahim ni. Ẹni tó bá ń wá òkìkí á kàn dákẹ́ ni. Ṣùgbọ́n Ànábì, pẹ̀lú ọ̀fọ̀ ọmọ lọ́rùn, dìde ó sì là á yé wọn pé àmì Ọlọ́hun ni oòrùn àti òṣùpá, wọn kì í ṣókùnkùn nítorí ikú tàbí ìyè ẹnikẹ́ni. Bí ojú ọ̀run kò bá yí padà nítorí ọmọ Ànábì, kí ló kàn án pẹ̀lú ọmọ Bàrígà?

Ẹ̀yin ìyá ìbejì, ẹ̀yin náà ẹ jẹ́rìí. Ọjọ́ kan náà, wákàtí kan náà lẹ bí Táíwò àti Kẹ́hìndé, síbẹ̀ ọ̀kan lè jẹ́ oníjàgídíjàgan kí èkejì rọra bí àdàbà. Ìràwọ̀ wo ló pín ìwà fún wọn?

Hàdíìsì kọ́ wa pé mímọ́ ni a bí gbogbo ọmọ, òbí ló ń yí i sí ibi tó bá fẹ́. Ọmọ tí a bá ń pè ní iná lójoojúmọ́, tó bá yá, á máa jó. Ọmọ tí a bá sọ fún pé ìràwọ̀ rẹ̀ kò gba ìwé, kò ní ṣí ìwé mọ́, ẹ̀ṣẹ̀ náà á sì wà lọ́rùn ẹni tó sọ ọ́ àti òbí tó gbà á.

Ẹ ka Súrà Lùkùmáànù. Baba yẹn kò wo ìràwọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó pè é jókòó, ó kìlọ̀ fún un kó má ṣe fi ohunkóhun ṣe orogún Ọlọ́hun, ó ní kó máa kírun, kó má gbéra ga, kó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn baba wa náà ní, ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Wọn kò ní ojú ọ̀run là ń wò. Nítorí náà, lálẹ́ òní, lẹ́yìn ìṣínu, ẹ pe ọmọ tó ń dà yín láàmú yẹn sọ́dọ̀. Ẹ bi í ní ohun tó ń ṣe é, kí ẹ sì gbọ́ ọ tán.

Kí Ọlọ́hun fi àwọn ọmọ wa ṣe ìtutù ojú fún wa, kí Ó gba ààwẹ̀ wa. Àmín.