Epo Ọkọ̀ àti Oúnjẹ Awakọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ènìyàn ni wọ́n ń bá wí, ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá ka ìtàn àwọn tó kọ́kọ́ fi ọkọ̀ òfurufú kékeré rin ìrìn àjò jíjìn, ó máa ń hàn sí mi pé ọ̀rọ̀ náà kan ọkọ̀ pẹ̀lú. Ọkọ̀ ilẹ̀ tí epo rẹ̀ bá tán lọ́nà yóò dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, awakọ̀ rẹ̀ yóò sì gbé agolo dání lọ wá bẹntiróòlù. Ojú ọ̀run kò ní ẹ̀gbẹ́ títì. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé kí a tó yin ìgboyà awakọ̀ òfurufú, ó yẹ kí a kọ́kọ́ bèèrè bí ó ti ṣètò epo àti oúnjẹ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo Charles Lindbergh, ọmọ Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 20, oṣù Karùn-ún, ọdún 1927, òun nìkan gbéra ní New York, ó sì balẹ̀ sí Paris ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn wákàtí 33 àti ààbọ̀. Kò sí ibi tí yóò ti yà rajà lórí òkun Àtìláńtíìkì. Nítorí náà, gbogbo epo tí yóò lò ló ní láti gbé láti ilé: gálọ́ọ̀nù 450, nípa òdiwọ̀n ti Amẹ́ríkà. Epo sì wúwo. Kí ọkọ̀ lè gbé e kúrò nílẹ̀, Lindbergh kò mú rédíò, bẹ́ẹ̀ ni kò mú párásúùtì. Àgbá epo ńlá kan wà níwájú rẹ̀ gan-an, tí kò jẹ́ kí ó rí ọ̀ọ́kán tààrà. Sáńwíìṣì 5 àti omi ni oúnjẹ rẹ̀. Lójú àwa tí a fẹ́ràn àsè, ìyà ni èyí; lójú tirẹ̀, ìṣirò ni.

Amy Johnson gba ọ̀nà mìíràn. Ọmọ ìlú Hull ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì àwọn agbẹjọ́rò ní London. Ọmọ ọdún 26 ni nígbà tó gbéra ní Croydon ní ọjọ́ 5, oṣù Karùn-ún, ọdún 1930, tó dorí kọ Ọsirélíà nínú ọkọ̀ Gipsy Moth kan tó sọ ní Jason. Ìrìn tó jìn jù lọ tó ti fi ọkọ̀ òfurufú rìn rí ni láti London dé Hull. Òun kò lè gbé epo tí yóò tó o dé òpin, nítorí náà ó pín ọ̀nà sí ìpele-ìpele: Vienna, Istanbul, Aleppo, Baghdad, Bandar Abbas, Karachi, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: Lord Wakefield, oníṣòwò epo, bá a san nínú owó ọkọ̀ náà, ó sì ṣètò kí bẹntiróòlù máa dúró dè é lójú ọ̀nà.

Síbẹ̀, iṣẹ́ kò tán. Ọwọ́ ni obìnrin yìí fi ń fa epo láti inú àgbá àfikún sínú èyí tó ń bọ́ ẹ́ńjìnnì, òórùn epo náà a sì máa rìn ín lọ́kàn. Ta ni èébì ń gbé tí yóò rántí oúnjẹ ọ̀sán? Bó bá sì balẹ̀ nírọ̀lẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tọ́jú kí ó tó sùn.

Ọjọ́ 6 ló fi dé Karachi. Kò sí ẹni tó tí ì dá wakọ̀ débẹ̀ yá tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó kúrò níbẹ̀ tó ń lọ sí Allahabad, epo kò gbé e dé ibi tó ń lọ. Jhansi ló balẹ̀ sí, ní pápá àwọn ọmọ ogun. Afẹ́fẹ́ tó dojú kọ ọkọ̀ ni ọ̀tá irú ìṣirò báyìí. Ọkọ̀ tó ń sá máìlì 80 ní wákàtí kan, tí epo rẹ̀ tó wákàtí 6, yóò rin máìlì 480. Bí afẹ́fẹ́ máìlì 20 bá ń tì í sẹ́yìn, 360 péré ni yóò rìn. Epo kò dín. Ilẹ̀ ló dà bí ẹni pé ó gùn sí i.

Ó dé Darwin ní ọjọ́ 24 oṣù náà, obìnrin àkọ́kọ́ tó dá wakọ̀ òfurufú láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé Ọsirélíà. Ní ọjọ́ 5, oṣù Kìíní, ọdún 1941, nígbà ogun, ó ń gbé ọkọ̀ òfurufú kan lọ fún ìjọba. Ó ṣìnà nínú ojú ọjọ́ tí kò dára, ó bẹ́ sílẹ̀ ní ẹnu odò Thames, ó sì kú síbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ òpìtàn sọ ni pé epo rẹ̀ ló tán.

Kò sí ẹni tó ṣètò agolo epo dè é lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo bá rántí èyí, àwọn tí mo máa ń rò ni àwọn aláìlórúkọ tó dúró nínú oòrùn Aleppo àti Bandar Abbas, tí wọ́n ń ti bẹntiróòlù sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ìtàn kọ orúkọ ẹni tó fò sílẹ̀. Ó yẹ kí àwa tí a ń kà á fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tó bọ́ ọkọ̀ rẹ̀ yó.