Àtìlẹ́yìn fún Àwọn Obìnrin Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì àti Ẹ̀rọ ní Nàìjíríà

Ètò owó ẹ̀kọ́, ẹ̀bùn ìwádìí, ẹgbẹ́ alámọ̀ja àti ìtọ́sọ́nà àgbà ni wọ́n ń pè ní àtìlẹ́yìn fún obìnrin nínú sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ìṣirò UNESCO fi hàn pé bí ẹnì kan nínú mẹ́ta péré ni obìnrin láàárín àwọn olùṣèwádìí àgbáyé.

Ní Nàìjíríà, àwọn obìnrin fúnra wọn ló la ọ̀nà, wọ́n sì ti ara wọn lẹ́yìn. Grace Alele-Williams gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò ní Chicago ní 1963. Ní 1985 ó di gíwá Yunifásítì Benin, obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ipò bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa. Ní 1983, Joana Maduka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá APWEN sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ẹnjiníà. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ ẹnjiníà gbogbogbòò, tó ti wà láti 1958, kò ní obìnrin ní ààrẹ rí títí Margaret Oguntala fi gorí àga ní 2024.

Fún àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin, Abisoye Ajayi-Akinfolarin ń kọ́ wọn ní kọ̀ǹpútà ní Èkó, títí kan àwọn ọmọ Makoko, àdúgbò àwọn aláìní lórí ọ̀sà.

Ẹ̀bùn L'Oréal àti UNESCO fún àwọn obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bẹ̀rẹ̀ ní 1998. Ọdún náà gan-an ni Grace Oladunni Taylor ti Ìbàdàn gbà á fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àti àrùn ọkàn. Adeyinka Falusi, tó ń wádìí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, gbà á ní 2001. Francisca Okeke ti Nsukka gbà á ní 2013. Iyì ńlá ni, àmọ́ ẹni tó ti dé èbúté ló sábà ń gba irú rẹ̀.

Agbami wà láàárín àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin yẹn àti èbúté náà. Ọdún tí obìnrin ń lépa oyè ọ̀mọ̀wé ló máa ń bọ́ sí ọdún ìgbéyàwó àti ọmọ wẹ́wẹ́, ibẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú wọn ti ń fi ìwádìí sílẹ̀. OWSD, àjọ àgbáyé fún àwọn obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Trieste ní Ítálì, ń sanwó oyè yìí fún obìnrin láti àwọn orílẹ̀-èdè tí sáyẹ́ǹsì wọn ṣì wà lẹ́yìn, Sweden ló sì ti ń gbé owó náà kalẹ̀. Orílẹ̀-èdè mìíràn tó ń gòkè àgbà ni wọ́n ti ń kàwé, kì í ṣe Yúróòpù, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà sì ti jàǹfààní rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ní tirẹ̀ ń fún àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ìsinmi ìbímọ ọ̀sẹ̀ 16. Ṣùgbọ́n iye àpilẹ̀kọ tí olùkọ́ yunifásítì tẹ̀ jáde ni wọ́n máa ń wò jù láti gbé e ga, wọn kì í sì í sábà yọ ọdún tó fi tọ́mọ kúrò nínú ìṣirò. Yàrá ìtọ́jú ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ láábù àti àfikún ọdún kan sórí gbèdéke owó ìwádìí ni àtìlẹ́yìn tó ṣì kù jù lọ.