Obìnrin Lójú Ogun: Láti Ẹnu Odi Abẹ́òkúta Dé Ilé-Ẹ̀kọ́ Ológun ní Kàdúná

1. Ìfáàrà

Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ń dáhùn ìbéèrè lórí ogun jíjà láyé àtijọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń kọ ni pé ọkùnrin ní ń jagun, obìnrin ní ń dáná. Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ní òótọ́ díẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n ó fi púpọ̀ sílẹ̀. Èrò wa nínú àròkọ yìí ni pé kì í ṣe ìgboyà obìnrin ni ó ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà. Ẹni tí ó ni ogun, tí ó sì ń pinnu ẹni tí yóò jà á, ni ó ń yí padà.

2. Àwọn Obìnrin Dàhọ̀mì

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1851, Gezo, ọba Dàhọ̀mì, gbógun ti Abẹ́òkúta. Àwọn Ẹ̀gbá ti gbúròó ogun náà ṣáájú, wọ́n sì ti tún odi wọn ṣe. Ní ìhà Arò ni ìjà ti gbóná jù. Ìgbà tí àwọn Ẹ̀gbá yẹ òkú àti ìgbèkùn wò ni wọ́n tó rí i pé obìnrin ni púpọ̀ nínú àwọn tí ń gun odi bọ̀. Ìbínú èyí tún mú wọn gbóná sí i, wọ́n sì lé ogun náà padà. Glele, ọmọ Gezo, tún padà wá ní ọdún 1864, ṣùgbọ́n òun náà kò rí ìlú náà kó.

Mino ni àwọn Fọn ń pe àwọn ọmọ-ogun obìnrin wọ̀nyí, èyí tí ó túmọ̀ sí 'àwọn ìyá wa'. Oníbọn wà nínú wọn, ọlọ́fà wà, ọdẹ erin wà, àwọn tí ń fi abẹ ńlá jà sì wà pẹ̀lú. Ààfin ni wọ́n ń gbé. Aya ọba ni a kà wọ́n sí, ọkùnrin mìíràn kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ wọn. Wọ́n lè dúró níwájú ọba kí wọ́n fọ́nnu pé àwọn yóò kó Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n ọba ni ó ń sọ pé kí ogun gbéra. Ìbọn wà lọ́wọ́ wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ni wọ́n ni ogun.

A kò sọ èyí láti gbé wọn ga ju bí ó ti yẹ lọ. Ogun Dàhọ̀mì ni ó fọ́ Ìṣàgà ní ọdún 1862, òun náà ni ó sì pa Kétu run ní ọdún 1886. Ẹni tí ó bá ń yin akin Mino gbọ́dọ̀ rántí àwọn tí a kó lẹ́rú.

3. Àwọn Ìyálóde

Bí a bá wo inú odi Abẹ́òkúta, a ó rí obìnrin mìíràn tí ogun kàn. Tinúubú, tí wọ́n lé kúrò ní Èkó ní ọdún 1856, ń ṣòwò ìbọn àti ẹ̀tù. Nígbà ogun ọdún 1864, ó pèsè ohun ìjà fún àwọn jagunjagun Ẹ̀gbá. Ní ọdún náà ni wọ́n fi í jẹ Ìyálóde.

Ní Ìbàdàn, Ẹfúnṣetán Aníwúrà ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n nínú eré-onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ nípa rẹ̀, níbi tí ìwà ìkà rẹ̀ sí àwọn ẹrú ti hàn gbangba. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn tí Samuel Johnson kọ, ẹ̀sùn mẹ́ta ni Ààrẹ Látóòsà fi kàn án ní ọdún 1874: pé kò bá òun lọ sógun, pé kò fi ohun ìjà àti oúnjẹ ránṣẹ́ sí òun ní ibùdó, àti pé kò wá pàdé òun lẹ́yìn odi láti kí òun kú àbọ̀. Wọ́n yọ ọ́ lóyè nítorí èyí, wọ́n sì pa á ní ọdún náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ẹ̀sùn yìí dáadáa. Kò sí ẹni tí ń bi alásè léèrè pé kí ló dé tí kò lọ sógun. Ẹ̀sùn tí a fi ń kan ìjòyè ogun ni wọ́n. Wọ́n fi hàn pé Ìyálóde wà lára àwọn tí ó ni ogun Ìbàdàn, àti pé bí ó bá fawọ́ ohun tí ó ní sẹ́yìn, ogun yóò mọ̀ ọ́n lára.

4. Lẹ́yìn tí Òyìnbó Gba Ìlú

Ogun Faransé ti ọdún 1892 sí 1894 ni ó tú ẹgbẹ́ Mino ká. Lọ́dọ̀ tiwa, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní ọdún 1897. Ìjọba ni ó ń sanwó fún ọmọ-ogun, òun ni ó ń fún un ní ìbọn, ọkùnrin nìkan ni ó sì ń gbà. Ìyálóde tí ń yá ológun ní ẹ̀tù kò ríṣẹ́ ṣe mọ́ nínú irú ogun bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí obìnrin tún wọ iṣẹ́ ológun ní Nàìjíríà, ìtọ́jú aláìsàn ni ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ wọn gbà wọlé. Ọ̀nà yìí náà gbé wọn dé òkè: ní ọdún 1994, Adérónkẹ́ Kale, oníṣègùn àrùn ọpọlọ, di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó dé ipò Mejọ̀ Jẹ́nẹ́rà. Ṣùgbọ́n ọdún 2011 ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ní Kàdúná ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọmọbìnrin láti kọ́ ìjà gan-an. Ibẹ̀ ni Tolúlọpẹ́ Arótilé, ọmọ Ìjùmú ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ti jáde ní ọdún 2017. Ní ọdún 2019, ó di obìnrin àkọ́kọ́ tí ń wa hẹlikọ́pítà ogun ní Nàìjíríà. Jàǹbá ọkọ̀ ni ó pa á ní oṣù Keje ọdún 2020. Ọmọ ọdún 24 ni.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa nìkan ni a pẹ́. Ní ọdún 2018 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí gbogbo ẹ̀ka iṣẹ́ ogun rẹ̀ sílẹ̀ fún obìnrin.

5. Ìgúnlẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọkùnrin bá rí ejò tí obìnrin pa á, kí ejò ṣá ti kú. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ pé obìnrin ń dáná lógun, kò purọ́. Kí a fún un ní máàkì rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí àwa olùkọ́ bi í ní ìbéèrè kan sí i: ta ni ó ni ẹ̀tù? Ẹni tí ó bá lè dáhùn èyí yóò mọ ìdí tí wọ́n fi fi Tinúubú jẹ oyè, tí wọ́n sì fi gba oyè lọ́wọ́ Ẹfúnṣetán. Yóò sì mọ̀ pé ohun tí àwọn ọmọbìnrin Kàdúná rí gbà ní ọdún 2011 kì í ṣe ọ̀ràn àánú.