A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ

A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ. Ẹni tó bá fi etí lásán gbọ́ òwe yìí lè rò pé Yorùbá kórìíra ìṣirò, bẹ́ẹ̀ ìyá ọlọ́mọ mọ iye ọmọ rẹ̀ dájú. Àjèjì tó ń na ìka sí wọn, tí kò sọ ohun tó fẹ́ fi iye náà ṣe, ni òwe ń bá wí. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ń yẹ ètò ìjọba wò láti mọ̀ bóyá ó ṣàǹfààní. Ẹ wo Àbíyè, ètò ìtọ́jú aboyún tí ìjọba Olúṣẹ́gun Mímíkò bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 2009, tí wọ́n kọ́kọ́ dán wò ní Ìfẹ́dọ̀rẹ́. Orúkọ rẹ̀ ti sọ òṣùwọ̀n tí aráàlú yóò fi wọ̀n ọ́n: ká gbọ́ ohùn ìyá, ká gbọ́ ohùn ọmọ. Ṣùgbọ́n ìwé àwọn olùṣàyẹ̀wò a máa bèèrè iye aboyún tó forúkọ sílẹ̀ nílé ìwòsàn láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ oyún. Oyún tí kò tíì hàn kì í ṣe ohun à ń pariwo lọ́dọ̀ wa. Bí iye náà bá kéré, akọ̀wé lè kọ ọ́ pé aboyún ò bìkítà, nígbà tó jẹ́ pé oyún náà gan-an ló ń dáàbò bò. Ẹ tún wo ti ibi tí aboyún ń bímọ sí. Ìlú Ọ̀bà-Ilé kò jìnnà sí Ilé Ìwòsàn Ìyá àti Ọmọ tí wọ́n ṣí ní Àkúrẹ́ ní 2010. Bí aboyún ibẹ̀ bá kọ́kọ́ yà sí ilé ìgbẹ̀bí ìjọ, a ò lè di ẹ̀bi ru ọ̀nà. Àdúrà wà níbẹ̀, àti ìyá àgbà tó mọ̀ ọ́n lórúkọ. Ìjọba náà fòye gbé e: ní 2014, wọ́n gbé Agbẹ̀bíyè kalẹ̀, wọ́n ń fún agbẹ̀bí ìbílẹ̀ àti ti ìjọ lówó bí wọ́n bá darí aboyún sí ilé ìwòsàn.

Ẹnìkan lè ní àṣà tó ń bo oyún lè bo ikú pẹ̀lú. Ó lè bò ó, ohun tó sì ń bà mí lọ́kàn jẹ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ obìnrin tó kú toyún-toyún, wúyẹ́wúyẹ́ ni ẹbí ń sọ ọ́. Ikú tí a kò bá sì wádìí, ẹlòmíràn ni yóò tún kú u. Ìdí rèé tí òfin tí ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe ní 2010 fi wù mí. Ó pa á láṣẹ kí wọ́n máa ròyìn gbogbo ikú aboyún àti abiyamọ, kí a wádìí ohun tó fà á ní bòókẹ́lẹ́, láti fi kọ́gbọ́n, láìwá ẹni tí a ó dá lẹ́bi. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe irú rẹ̀ láti 1952, síbẹ̀ ó bá òwe wa mu régí: a kà á, a ò sì na ìka sí ọlọ́mọ. Àwọn mìíràn yóò ní bí ìlú kọ̀ọ̀kan bá gbé òṣùwọ̀n tirẹ̀ wá, a ò ní lè fi Oǹdó wé Kánò. Kí a ka ikú bákan náà níbi gbogbo. Èmi ò jà síyẹn. Ohun tó mú obìnrin pẹ́ kó tó jáde nílé ni kò rí bákan náà, àwọn ìyá ló sì mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n wà níjòkòó nígbà tí a bá ń kọ ìbéèrè.