Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà: agbẹjọ́rò àti irọ́ pípa

“Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké.” Ẹni tí èké ti gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló sábà máa ń pa òwe yìí, àwọn agbẹjọ́rò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń fi í bá wí. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá ti lówó, agbẹjọ́rò á bá a sọ dúdú di funfun. Òfin iṣẹ́ náà kò fọwọ́ sí èyí. Ohun tó ní kí agbẹjọ́rò ṣe ni kí ó pa àṣírí oníbàárà rẹ̀ mọ́, kí ó sì jà fún un dé ibi tí òfin gbà á láyè dé, láì tan ilé-ẹjọ́ jẹ. Ó lè dákẹ́ lórí ohun tó mọ̀. Kò gbọdọ̀ sọ ohun tó mọ̀ pé irọ́ ni. Ààlà àárín méjèèjì ló nira.

Ẹjọ́ François Courvoisier ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 1840, fi ìnira náà hàn kedere. Ọmọ ilẹ̀ Switzerland ni, ó ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ fún Lord William Russell, bàbá arúgbó tí wọ́n bá nínú yàrá rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún náà tí wọ́n ti dú u lọ́rùn. Charles Phillips ló ń gba ẹjọ́ Courvoisier rò. Ní ọjọ́ kejì ìgbẹ́jọ́, obìnrin kan tó ní hòtẹ́ẹ̀lì, Charlotte Piolaine, yọjú: olùjẹ́jọ́ yìí ló fi ẹrù kan pamọ́ sọ́dọ̀ òun, ohun èlò fàdákà olóògbé ló sì wà nínú rẹ̀. Ni Courvoisier bá pe Phillips, ó jẹ́wọ́ pé òun lòun pa ọ̀gá òun. Síbẹ̀, ó ní òun kò ní gbà pé òun jẹ̀bi. Kí Phillips gbèjà òun títí dé òpin. Phillips gba ọ̀dọ̀ Baron Parke, adájọ́ kan tó wà níjòókòó, lọ. Parke ní bí ọkùnrin náà bá ṣì fẹ́ kó gbèjà òun, kí ó gbèjà rẹ̀, kí ó sì lo gbogbo àwíjàre tó tọ́ tó bá rí nínú ẹ̀rí.

Títí dé ibẹ̀, Phillips kò ṣẹ̀. Àsọkágbá rẹ̀ ló dá wàhálà sílẹ̀. Ó fi àbùkù kan hòtẹ́ẹ̀lì Piolaine, ó sì sọ̀rọ̀ ìwà Sarah Mancer, ìránṣẹ́bìnrin inú ilé náà, lọ́nà tí ọ̀pọ̀ fi sọ pé ẹ̀bi ló fẹ́ dì lé aláìṣẹ̀ lórí. Wọ́n yẹgi fún Courvoisier ní ọjọ́ 6 oṣù Keje, àmọ́ ní 1849 Phillips ṣì ń kọ̀wé wẹ ara rẹ̀ mọ́. Ó tọ́ kí agbẹjọ́rò yẹ ẹ̀rí olùpẹ̀jọ́ wò fínnífínní. Ẹni tó ti mọ apànìyàn dájú, tó tún ń nàka sí ẹlòmíràn, ti kúrò nídìí ìdákẹ́.

Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni Nàìjíríà ti jogún ìlànà yìí. Òfin ìwà àwọn agbẹjọ́rò ti ọdún 2023, tó rọ́pò ti 2007, ka agbẹjọ́rò sí òṣìṣẹ́ ilé-ẹjọ́. Abala 192 Òfin Ẹ̀rí ti 2011 náà dáàbò bo àṣírí oníbàárà, ṣùgbọ́n kò bo èyí tí wọ́n fẹ́ fi dá ọ̀ràn. Ẹni tó bá jẹ́wọ́ olè àná fún agbẹjọ́rò, àṣírí rẹ̀ bò. Ẹni tó bá wá gba ìmọ̀ràn lórí bí òun ṣe máa ṣe ìwé ilẹ̀ ayédèrú láti gbé síwájú adájọ́, kò sí ààbò fún un. Ìjẹ́rìí èké lábẹ́ Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí a ń lò ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù tó ẹ̀wọ̀n ọdún 14. Agbẹjọ́rò tó bá sì mọ̀ọ́mọ̀ lo irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn agbẹjọ́rò wí lè kìlọ̀ fún un, kí ó dá a dúró fún ìgbà kan, tàbí kí ó ní kí wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ kúrò nínú ìwé orúkọ àwọn agbẹjọ́rò.