Ọ̀mì Kì í Ṣe Òfo

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí àwọn àgbà bá ta ayò títí tó fi di ọ̀mì, ńṣe ni mo máa ń dìde kúrò nídìí ọpọ́n. Lójú tèmi, ayò tí kò ní olúborí, àárẹ̀ lásán ni. Ìdíje ayò ṣẹ́ẹ̀sì kan láàárín London àti Edinburgh ni ó yí èrò mi padà.

Ọdún 1824 ni àwọn ẹgbẹ́ aláyò ìlú méjèèjì bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1828 ni wọ́n tó parí. Ayò márùn-ún péré ni wọ́n sì ta! Lẹ́tà ni wọ́n fi ń ta á. Bí London bá ti pinnu ibi tí wọn yóò sún ọmọ ayò sí, wọn a kọ ọ́ sínú ìwé, wọn a fi í ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ tí ẹṣin ń fà. Edinburgh a gbà á, wọn a gbìmọ̀, wọn a sì dá èsì padà lọ́nà kan náà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìdíje yìí ni ó sọ ọ̀nà ìṣíyò kan di olókìkí, èyí tí wọ́n ń pè ní Scotch Game. Funfun a sún ọmọ-ogun iwájú ọba rẹ̀ ní ilé méjì, dúdú a ṣe bákan náà. Ẹlẹ́ṣin kọ̀ọ̀kan a jáde. Funfun a wá sún ọmọ-ogun iwájú ayaba ní ilé méjì, kí ó lè du àárín ọpọ́n lójú ẹsẹ̀. Ercole del Rio, ará Ítálì, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1750. London gan-an ni ó sì kọ́kọ́ lò ó nínú ìdíje náà. Síbẹ̀, ilẹ̀ àwọn tó borí ni orúkọ náà mọ́ lára.

Edinburgh borí nínú ayò méjì, London nínú ẹyọ kan. Méjì yòókù di ọ̀mì. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní London borí nínú ọ̀kan ṣoṣo lára ọ̀mì méjèèjì, méjì-méjì ni wọn ì bá jẹ́, Edinburgh kì bá sì ní ohun tí yóò fi yangàn. Ọ̀mì tí kò fún ẹnikẹ́ni ní ìṣẹ́gun ni ó ṣọ́ ìṣẹ́gun náà.

Lóde òní, kọ̀ǹpútà ń ran àwọn tó ń ta irú ayò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ọ̀mì sì pọ̀ nínú ìdíje ńlá wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀mì ayé ìgbà náà, làákàyè ènìyàn nìkan ni wọ́n fi rà á. Bí mo bá dé ìdí ọpọ́n nísinsìnyí, n kì í dìde títí ayò yóò fi tán.